Voyager lókè Ìdànrè: bí a ṣe wá àwòṣe ọ̀fẹ́ tí a sì yí i padà

Ìbéèrè ọmọ kan ló bí iṣẹ́ yìí. Tíṣà físíìsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nípa Voyager, ọkọ̀ ojú sánmà méjì tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ lọ́dún 1977. Ó sọ fún wọn pé rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n fi wúrà bò wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé ìkíni ní èdè 55 wà nínú rẹ̀, bóyá ẹnì kan á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan níbi tí ojú wa ò dé. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n kí wọn ní Yorùbá?"

Tíṣà lọ wò ó. Kò sí Yorùbá níbẹ̀. Sotho wà, Luganda wà, Nyanja wà, Ila tí wọ́n ń sọ ní Zambia náà wà. Tiwa kò sí. Ohun tó sún mọ́ wa jù lọ níbẹ̀ ni ìlù àwọn Mahi ilẹ̀ Benin, aládùúgbò wa, tí wọ́n fi sí apá orin.

Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ tíṣà yìí lọ́kàn títí ó fi pè mí. "Ẹ bá wa ṣe àwòrán kan sára ògiri láíbìrì," ló wí. "Kí onílù dùndún kan dúró sórí òkè Ìdànrè lóru, kí Voyager máa kọjá lókè, kí onílù máa kí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ̀ náà ṣe rí gan-an ni kí ẹ ṣe é. Àwọn ọmọ wọ̀nyí á ka ọ̀pá ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan." Owó tí ilé ẹ̀kọ́ ní tó fún títẹ flex ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, pẹ̀lú ìwọ̀nba fún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Kò tó ra àwòṣe kankan. Ọ̀fẹ́ la máa wá.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí a fi nílò àwòṣe 3D, ìyẹn èyí tí èèyàn lè yí kiri lórí kọ̀ǹpútà kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo, tí a ò kàn fi ọwọ́ yà á láti inú fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò Voyager níbi tó wà. Àwọn fọ́tò rẹ̀ tó wà, inú gbọ̀ngán ni wọ́n ti yà á kó tó lọ, láti ẹ̀gbẹ́, nígbà tí wọ́n ká ọ̀pá rẹ̀ kò. Àwa sì fẹ́ wò ó láti ìsàlẹ̀, bí onílù á ṣe wò ó. Ohun kan tún wà tó mú kí ara mi yá sí iṣẹ́ náà: àwo ńlá tó wà lórí Voyager, èyí tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ayé ló máa ń kọjú sí nígbà gbogbo. Bí a bá gbé e sókè onílù, inú àwo yẹn ló máa kọjú sí i, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ́tí sílẹ̀. Mi ò ní láti dá ọgbọ́n kankan sí i. Bó ṣe rí nìyẹn.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí. Èmi ni mo máa ń to nǹkan sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe 3D. Òun ló ń kùn ún lórí iPad pẹ̀lú Procreate, ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán. Procreate máa ń gba àwòṣe 3D kí èèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì kun ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irú fáìlì méjì péré ló ń gbà, OBJ àti USDZ. Nítorí náà, ohunkóhun tí a bá rí, a ní láti yí i sí OBJ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo wá a lálẹ́ ọjọ́ kan tí dátà mi ò pọ̀. Mo rí ojú òpó kan tó kún fún àwòṣe ọ̀fẹ́, Voyager sì wà níbẹ̀, fáìlì rẹ̀ kéré, àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ sì dán. Wọ́n kọ "free" sí i gàdàgbà. Mo gbà á sílẹ̀, mo sì sùn pẹ̀lú ayọ̀.

3DS ni fáìlì náà. Irú fáìlì yìí ti pẹ́, láyé DOS, ètò kọ̀ǹpútà tó wà ṣáájú Windows, ni wọ́n ti ṣe é fún ètò àwòṣe kan tó ń jẹ́ 3D Studio, ó sì ṣì wọ́pọ̀ láàrin àwòṣe ọkọ̀ ojú sánmà torí pé àtijọ́ ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Blender 2.93 ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Blender 2.80, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2019, ti yọ ẹ̀yà tó ń ṣí 3DS kúrò; wọ́n dá a padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Dípò kí n wá Blender tuntun, dátà ni mo ń ṣọ́, mo gba ọ̀nà àbùjá: mo gbé fáìlì náà sí ojú òpó kan tó ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó bá mi sọ ọ́ di OBJ, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi láìṣí i wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà mí.

Ó pè mí láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé bí Voyager ṣe rí nìyí?"

Mo ṣí i. Gbogbo ara rẹ̀ rí eérú. Àwo ńlá náà ti di ihò: téèyàn bá wò ó láti iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń rí. Ọ̀pá gígùn tó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà, èyí tó gùn tó mítà 13 tó sì yẹ kó nà jáde gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́, ti dá bùú sínú àwo bí ọmọorogùn nínú ìkòkò. Àbúrò mi tún sọ pé ó tóbi débi pé òun ní láti fún un títí kó tó wọ ojú iPad.

Òru méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí pé irú àìsàn kan náà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ àwòṣe ọ̀fẹ́.

Títóbi rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. OBJ kì í sọ bóyá mítà ni nọ́ńbà inú rẹ̀ tàbí íǹṣì. Nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀. Blender ní tirẹ̀ á ka ẹyọ kan sí mítà kan. Mo mú àwo ńlá náà, mo tẹ N, mo wo ìbú rẹ̀: 144. Ẹni tí kò mọ Voyager á kàn fún un lójú títí yóò fi dára. Ṣùgbọ́n àwo yẹn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní tòótọ́, ẹsẹ̀ bàtà 12 sì jẹ́ íǹṣì 144. Íǹṣì ni ẹni tó ṣe àwòṣe náà fi ṣiṣẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 0.0254, àwo náà bọ́ sí mítà 3.66, gbogbo ẹ̀yà yòókù sì bọ́ sípò pẹ̀lú rẹ̀. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe; ó wọn nǹkan rẹ̀ dáadáa kó tó gé e.

Ọ̀rọ̀ ihò tẹ̀ lé e. Igun mẹ́ta kéékèèké tí wọ́n fi hun ara àwòṣe dà bí aṣọ àǹkárá: ó ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ojú nìkan ló ń fi hàn; bí aṣọ bá yí síta, èèyàn á máa wò ó kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Blender ní ohun kan tó ń jẹ́ Face Orientation tó máa ń kun ojú ní aró, tó sì ń kun ẹ̀yìn ní pupa. Mo tàn án. Ìdajì Voyager pupa bí epo. Shift+N lè yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà fún nǹkan tó jẹ́ àpótí, ṣùgbọ́n àwo tó tinrin, tí kò ní ìnípọn, kò ní inú bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìta, nítorí náà kọ̀ǹpútà máa ń fojú bù ú. Mo ní láti mú igun àwo náà fúnra mi, kí n yí i. Bó ṣe jẹ́ pé inú àwo yẹn gan-an ló máa kọjú sí onílù, mi ò lè fi ṣeré.

Ní ti ọ̀pá tó há sínú àwo, 3DS máa ń kọ bí ẹ̀yà kan ṣe rí sí apá kan, á sì kọ ibi tó yẹ kó wà àti ibi tó so mọ́ sí apá mìíràn. Ojú òpó tó bá mi yí i padà ka ti àkọ́kọ́, ó fi ìkejì sílẹ̀. Ọ̀pá náà kò sọnù. Ilé rẹ̀ ni wọn ò mọ̀. Mo gbé e padà pẹ̀lú ọwọ́, mo ń wo fọ́tò àtijọ́ fi ṣe ìwọ̀n.

Ó wá ku eérú tó bò ó. OBJ kì í gbé awọ ara àwòṣe sínú ara rẹ̀, ìyẹn àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń bò ó. Fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ MTL ló máa ń tẹ̀ lé e, òun ló sì ń júwe ibi tí awọ wà. Mo wo inú fódà náà. Awọ mélòó kan wà níbẹ̀, gbogbo orúkọ wọn ní lẹ́tà ńlá, HIGHGAIN.JPG, PANEL_GO.JPG. Lẹ́tà mẹ́jọ. 3DS kò lè gba orúkọ awọ tó gùn ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ pẹ̀lú mẹ́ta ẹ̀yìn àmì, bí DOS ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un. Awọ méjì tí orúkọ wọn bá jọ ara wọn títí dé lẹ́tà kẹjọ á di ọ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan á sì gun orí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wúrà ẹ̀gbẹ́ kan ṣe lè lọ bá ẹ̀gbẹ́ kejì. Linux ni mo sì ń lò dípò Windows, Linux kì í ka HIGHGAIN.JPG àti highgain.jpg sí nǹkan kan náà. Mo rò pé bí mo bá ti yí orúkọ wọn padà, ọ̀rọ̀ parí. Mo fi ètò tí mo fi ń kọ nǹkan lásán ṣí MTL. Ohun tí mo rí nìyí:

map_Kd D:\rip\probe\highgain.jpg

Mo jókòó, mo ń wo ìlà yẹn. Ó ṣàlàyé ìdí tí awọ ò fi jáde: inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ló ń júwe, lórí dírááfù D tí kò sí lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì nínú rẹ̀ ló dá mi dúró. "Rip" ni àwọn tó ń yọ àwòṣe jáde nínú géèmù ń pe iṣẹ́ wọn. Wọ́n á ṣí géèmù tí ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, wọ́n á gbọn ọkọ̀ àti ilé inú rẹ̀ jáde, wọ́n á gbé e sójú òpó, wọ́n á kọ "free" sí i. Ẹni tó fi íǹṣì wọn àwo náà, tí mo ń yìn ní ọkàn mi láti àná, kò jọ pé òun ló fún wa. Mo padà sí ojú ìwé tí mo ti gbà á. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò sí ìwé àṣẹ. "Free" nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì fúnni láṣẹ kankan.

Mo pe àbúrò mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwo.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ká sọ ọ́ nù ni? Òru méjì lẹ fi ṣe é."

"Sọ ọ́ nù," ni mo wí. "Ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ. Ṣé ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ la ó mú látinú ẹrù ẹlẹ́rù?"

Kò bá mi jiyàn. Ó pa á rẹ́ bí mo ṣe wà lórí fóònù.

Òye tí mo rí dì mú níbi iṣẹ́ yìí wà nínú ìlà kan yẹn. Mo ti ń ka àìsàn fáìlì náà sí ọ̀tọ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín sí ọ̀tọ̀, àṣé ọ̀kan ni wọ́n. Fáìlì náà ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀. Ní ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tó gbà kọjá, nǹkan kan já bọ́ lára rẹ̀: orúkọ awọ, ipò ọ̀pá, ìwọ̀n, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Láti ọjọ́ náà, ibi tí fáìlì ti ṣẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì máa ń yí i padà, látinú ohun tó jáde lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ibi tí Voyager ti ṣẹ̀ kò fara sin. NASA, àjọ ojú sánmà Amẹ́ríkà, ló ni ín, NASA sì ní àkójọ àwòṣe 3D tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́: Hubble tó ń wo ìràwọ̀, ibùdó ojú sánmà ISS, ọkọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ sórí òṣùpá, Curiosity tó ń rìn lórí Máàsì, àti Voyager. Oríṣiríṣi fáìlì ló wà níbẹ̀, àwọn kan 3DS, àwọn kan LWO ti LightWave, àwọn kan BLEND, àwọn kan GLB. STL náà wà, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní 3D nìyẹn; kò ní awọ, kò ní àwọ̀, nítorí náà kò wúlò fún àwòrán bí tiwa àyàfi tí kò bá sí òmíràn.

Ká tó fọwọ́ kàn án lọ́tẹ̀ yìí, a jókòó ka ìwé àṣẹ. Ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà bá fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe kò ní àṣẹ oníǹkan lórí ní orílẹ̀-èdè wọn, NASA sì gbà kí ará ayé lo tiwọn fún ẹ̀kọ́ àti àwòrán, kí wọ́n ṣáà dárúkọ ibi tó ti wá. Àmọ́ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni lo àmì ìdánimọ̀ wọn bí ẹni pé wọ́n bá a lọ́wọ́ sí iṣẹ́. A tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, torí pé nígbà míì ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn tó yá wọn lò. ESA, àjọ ojú sánmà àwọn ará Yúróòpù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tiwọn yàtọ̀ láti àwòrán kan sí èkejì.

Fún ẹni tí ibòmíràn bá gbé dé, àmì Creative Commons ni kó wá, ìyẹn ìwé àṣẹ tí oníṣẹ́ fi ń sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè lo iṣẹ́ rẹ̀. CC0 túmọ̀ sí pé oníǹkan ti yọwọ́ pátápátá. BY ní kí o dárúkọ òun. NC ní o ò gbọdọ̀ fi pa owó, ìyẹn sì lé wa sẹ́yìn torí pé ilé ẹ̀kọ́ ń san nǹkan fún wa, bó ti wù kó kéré tó. ND, tó ní o ò gbọdọ̀ gbé èyí tí o tún ṣe síta, ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Lábẹ́ Creative Commons 4.0, yíyí fáìlì láti irú kan sí òmíràn nìkan kò sọ ọ́ di iṣẹ́ mìíràn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò mi bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, tí a sì gbé e síta, a ti kọjá ààyè wa.

GLB ni mo mú. Irú fáìlì yìí dára fún ẹni tó ti jìyà lọ́wọ́ 3DS: awọ àti ara wà pọ̀ nínú ẹyọ kan, mítà ló fi ń wọn nǹkan gẹ́gẹ́ bí òfin rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó jẹ́ irin yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ aṣọ. Blender mi ṣí i láìbéèrè ohunkóhun. Mo wọn àwo, mo tan aró àti pupa, mo ka ọ̀pá. Mo tẹ Ctrl+A kí ìwọ̀n rẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn náà ni mo wá yí i sí OBJ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mò ń ṣe é mo yan Copy níbi Path Mode, kí awọ lè bá a jáde sínú fódà kan náà, kí MTL sì máa júwe orúkọ lásán láìsí dírááfù ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ṣí MTL wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo tún ṣí OBJ náà sínú Blender tó ṣófo, láti rí i bí àbúrò mi á ṣe rí i.

Ohun kan ṣì sọnù ní ilẹ̀kùn yẹn, mo sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. MTL àtijọ́ kò mọ irin bí GLB ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí náà wúrà ara rẹ́kọ́ọ̀dù náà di àwọ̀ ìyẹ̀fun elùbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pẹ̀lú fáìlì náà: èyí jẹ́ irin, èyí jẹ́ aṣọ dúdú, èyí funfun kò sì dán. Procreate ní ibi tí wọ́n ti ń kun bí nǹkan ṣe jẹ́ irin tó àti bó ṣe dán tó, lọ́tọ̀ sí àwọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi fi ọwọ́ dá wúrà náà padà láàárín wákàtí kan, ó sì dára ju ti kọ̀ǹpútà lọ lójú mi.

Ó wá ní òun fẹ́ kọ "Ẹ kú ìrìn" sára rẹ́kọ́ọ̀dù náà. A jiyàn lórí èyí fún ọjọ́ kan. Ó ní gbogbo ìdí iṣẹ́ náà nìyẹn, pé kí tiwa wà níbẹ̀. Èmi ní rárá, ohun tó wà lára ọkọ̀ náà ni kó wà, torí pé ọmọ tó béèrè yẹn béèrè òótọ́, òótọ́ la sì fi dá a lóhùn. Ìlù ló parí ìjà wa. Dùndún ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó dúró lórí àpáta náà, ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ kú ìrìn: re, mí, dò, dò. Àbúrò mi fa ìlà ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin jáde láti ojú awọ ìlù, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan lókè, méjì nísàlẹ̀, wọ́n ń lọ sókè sínú àwo tó kọjú sí ayé. Kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Mo gbà pé òun ló jàre lórí pé kó wà, èmi ló jàre lórí ibi tó yẹ kó wà.

Òṣùpá fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá nínú jẹ́. Àwòrán ojú òṣùpá àti gíga òkè rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ohun tí NASA pè ní CGI Moon Kit. Mo da àwọ̀ rẹ̀ bo bọ́ọ̀lù kan, mo sì fi gíga òkè lé e. Òṣùpá hu ẹ̀gún ní gbogbo ara bí òòrẹ̀. Kìlómítà ni gíga inú rẹ̀, ó sì ń ka òkè láti ojú bọ́ọ̀lù tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1737.4, nígbà tí rédíọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù tèmi jẹ́ ẹyọ 1. Òkè kìlómítà 10 wá di ẹ̀gún tó gùn tó ìlọ́po mẹ́wàá rédíọ́ọ̀sì bọ́ọ̀lù náà. Mo pín in, mo kọ 0.000576 sí agbára rẹ̀, òṣùpá sì dákẹ́. Ìràwọ̀ wá láti Deep Star Maps 2020, tí NASA to láti inú ìràwọ̀ bílíọ̀nù 1.7. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò ṣeé gbé fún kọ̀ǹpútà mi àti dátà mi. Èyí tó kéré, tí wọ́n pè ní 8k, tó wa.

Oòrùn kan ṣoṣo ni mo fi tan Voyager, láti apá kan, ẹ̀gbẹ́ kejì dúdú kirikiri. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa tú ìmọ́lẹ̀ ká. Onílù nìkan ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kàn.

Fún flex ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, píkísẹ́lì 72 sí íǹṣì kan tó, torí pé òkèèrè ni wọ́n á ti wò ó. Ìyẹn jẹ́ 6912 sí 5184. RAM kọ̀ǹpútà mi jẹ́ 8GB, nítorí náà mo pín àwòrán náà sí mẹ́rin, mo sì ń ṣe é lóru. Iná lọ níbi ìkejì. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí tíṣà rí i kí a tó tẹ̀ ẹ́, ó ní ká fi àmì NASA aláró yẹn sí igun, kí àwọn òbí lè mọ̀ pé nǹkan gidi ni. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyẹn gan-an ni wọn ò fẹ́. Lẹ́tà lásán la kọ síbẹ̀, kékeré ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: Àwòṣe Voyager, NASA/JPL-Caltech, òṣùpá àti ìràwọ̀, NASA Scientific Visualization Studio. Ó bi mí pé ta ló máa ka ìyẹn. Mo ní àwọn ọmọ tó máa ka ọ̀pá ni.

A gbé e kọ́ ní ọjọ́ ẹtì kan. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè yẹn dúró níwájú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ń fi ìka lu tábìlì láíbìrì: re, mí, dò, dò. Ó yíjú sí tíṣà. "Sà, ṣé 'ẹ kú ìrìn' nìyẹn?"

Tíṣà ti ní kí a wá ṣe ògiri kejì. NigeriaSat-1 ni wọ́n fẹ́ níbẹ̀, sátẹ́láìtì ilẹ̀ wa tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Lọ́tẹ̀ yìí a ò ní yí fáìlì ẹnikẹ́ni padà. Fọ́tò la ó máa wò, a ó sì máa fi ọwọ́ ara wa wọn ọ́n. Àpótí ni, ó wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 100. Blender náà, bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, àpótí kan ló máa ń gbé sí àárín ojú fúnni. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní pa á rẹ́.